Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba: Èwo Ló Yẹ Ká Mú, Níbo Sì Ni?

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ìwé, ti Ìlú Ọba ni. Ọwọ́ àwọn tó ṣàkóso Nàìjíríà títí di ọdún 1960 ni a ti gba àkọtọ́ rẹ̀ àti àwọn òfin rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù tí à ń wò, fọ́ọ̀mù yunifásítì tí ọmọ fẹ́ kún, àti kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè kọ colour bíi ti Ìlú Ọba ní ìlà kìn-ín-ní, kó kọ center bíi ti Amẹ́ríkà ní ìlà kẹta, kó sì fọkàn balẹ̀ pé òun kò ṣi ohunkóhun kọ. Lóòótọ́, bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣì wọ́n kọ. Àmọ́ ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ yóò ti rí i pé kò pinnu ibi tí òun dúró sí.

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń túmọ̀ ìwé, àti oníṣòwò tó ní oníbàárà ní London àti ní Houston ni mo ń fi ìfiwéra yìí ràn lọ́wọ́. N kò ní sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kan sàn ju èkejì lọ, nítorí n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé ìbéèrè méjì ló yẹ ká máa bi ara wa kí á tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: ta ni yóò kà á, àti pé nígbà tó bá kà á, ṣé ohun tí mo ní lọ́kàn ni yóò yé e? Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohun kan náà ni yóò yé ará Amẹ́ríkà àti ará Ìlú Ọba kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ jiyàn. Èyí tó bá ń sọ ohun kan fún ọ̀kan, tó sì ń sọ òdìkejì rẹ̀ fún èkejì, lo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún.

Èwo ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ní tòótọ́?

John Witherspoon, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń pè ní Yunifásítì Princeton lónìí, ló dá ọ̀rọ̀ náà Americanism sílẹ̀ lọ́dún 1781, láti fi pe ìlò Gẹ̀ẹ́sì tó ti yàtọ̀ sí ti Ìlú Ọba. Nígbà náà, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ti Yúróòpù wá tẹ̀dó ti ń rí ẹranko, igi àti ilẹ̀ tí baba wọn kò rí rí. Wọ́n gba raccoon, moose àti skunk lẹ́nu àwọn onílẹ̀ tó ń sọ àwọn èdè Algonquian. Wọ́n gba boss àti cookie lẹ́nu àwọn Dutch tó tẹ New York dó. Lẹ́nu àwọn Faransé ni wọ́n ti gba prairie, lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ni wọ́n sì ti gba canyon, ranch àti stampede. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà kò dé lọ́wọ́ òfo. Láti inú àwọn èdè Bantu ni gumbo, ọbẹ̀ ilá àwọn ará Louisiana, ti wá, ibẹ̀ náà sì ni goober, tí àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń pe ẹ̀pà, ti jáde. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lọ́dún 1949 lórí èdè àwọn Gullah, àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú náà tó ń gbé etí òkun South Carolina àti Georgia, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ àti orúkọ wọn dé. Kò sí ọ̀rọ̀ yíyàn nínú ọ̀pọ̀ irú àwọn wọ̀nyí: orúkọ nǹkan ni wọ́n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí òmíràn tí a lè fi rọ́pò wọn.

Ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ohunkóhun tó bá ti ń dún lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ará England fúnra wọn ló ń pe ìgbà ìwọ́wé ní fall ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí wọ́n pa á tì tí wọ́n gba autumn mú, àwọn tó ti ré òkun kọjá kò pa tiwọn tì. Bí ọ̀rọ̀ gotten náà, tí àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní got báyìí, ṣe rí nìyẹn. Soccer, tí àwọn ará Ìlú Ọba máa ń tìtorí rẹ̀ fi àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ England ló gé e jáde lára association football ní àwọn ọdún 1880. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò dára nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló hùmọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé atúmọ̀ èdè ná.

Àwọn tó ti di ti gbogbo ayé

OK ló yẹ ká fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, torí pé ìtàn rẹ̀ dùn, ó sì dájú. Ní àwọn ọdún 1830, eré kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn akọ̀ròyìn ìlú Boston: wọn yóò mọ̀ọ́mọ̀ ṣi gbólóhùn kan kọ, wọn yóò wá mú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. All correct di oll korrect lọ́wọ́ wọn, ó sì jáde gẹ́gẹ́ bí o.k. nínú ìwé ìròyìn Boston Morning Post ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1839. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni wọn kò pẹ́ láyé. Èyí là á já nítorí pé lọ́dún 1840, Ààrẹ Martin Van Buren ń du ipò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìlú Kinderhook ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n ti bí i, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì ń pè é ní Old Kinderhook, wọ́n wá sọ OK di igbe ìpolongo. Ìbò já Van Buren kulẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé. Allen Walker Read ni onímọ̀ tó hú ìtàn yìí jáde ní àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tí oríṣiríṣi àbá ti gba ìgboro kan.

Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu, OK kò ní ibi tí kò lè wọ̀. Àwa náà ń sọ ó kéè láàrin Yorùbá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé tó nípọn, èrò mi yàtọ̀. OK kò sọ bóyá inú ẹni dùn sí nǹkan, tàbí a kàn gbà á láàyè, tàbí a ti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìbéèrè òṣìṣẹ́ rẹ̀, approved sọ ohun tó ṣe, agreed sọ ohun tó gbà. OK lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí belittle, ìyẹn kí a fojú kéré nǹkan, tún yàtọ̀. Thomas Jefferson, tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ Virginia, ìwé ìròyìn kan ní London sì bú u gidigidi lọ́dún 1787 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Lónìí, àwọn ará London ń lò ó láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́ rí. Kò sí ohun tí a fẹ́ yàn mọ́ níbẹ̀.

Orúkọ méjì fún nǹkan kan

Apá tó rọrùn jù lọ nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fara mọ́ jù. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù lo máa gbọ́, nítorí pé ẹnu Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ni Yorùbá ti yá wọn. Ará Amẹ́ríkà ń pe bonnet ní hood, ó ń pe boot ní trunk, windscreen ní windshield, lorry ní truck. Bí o bá ń kọ̀wé sí ẹni tó wà ní Nàìjíríà tàbí ní Ìlú Ọba, kò sí ìdí tí o fi máa fi ti Amẹ́ríkà dí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì, torí pé ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ibi tí ọkọ̀ ti fara pa kò ní sọ bonnet fún un. Bó bá rí hood nínú ìwé náà tó rò pé aṣọ orí ọkọ̀ ni wọ́n ń wí, owó rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù.

Flat àti apartment, lift àti elevator, tap àti faucet, rubbish àti trash: èyí tó bá ti mọ́ ẹni tó ń kàwé rẹ lára ni kí o mú, kí o sì dúró tì í títí dé òpin ìwé náà. Kò sí ẹni tí kò ní lóye rẹ.

Gas ni mo yọ sọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, bẹntiróòlù ni. Lẹ́nu wa, ohun tí à ń gbé sílé ìdáná nínú sìlíńdà ni. Ẹni tó bá ń kọ ìlànà ààbò fún ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi gas nìkan sílẹ̀ báyẹn: petrol tàbí cooking gas ni kó kọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti iná.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ nǹkan méjì

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú table, nígbà tí wọ́n bá ń lò ó fún àbá nínú ìpàdé. Ní Ìlú Ọba, kí a table àbá túmọ̀ sí pé kí a gbé e síwájú ìpàdé kí wọ́n jíròrò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó túmọ̀ sí pé kí a gbé e tì ná, bóyá títí láé. Winston Churchill, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà ogun, ròyìn nínú ìwé tó kọ lórí Ogun Àgbáyé Kejì pé àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ méjèèjì fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́: àwọn ará Ìlú Ọba fẹ́ table ìwé kan kí wọ́n lè tètè jíròrò rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà, ìtumọ̀ ti Ìlú Ọba ni à ń lò. Bí o bá ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú kan tó ní ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà, má ṣe lo table rárá. Kọ pé wọ́n gbé àbá náà wá fún ìjíròrò, tàbí pé wọ́n sún un síwájú.

Billion fẹ́ jọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, 1,000,000,000 ni. Ní Ìlú Ọba àtijọ́, 1,000,000,000,000 ni, títí di ọdún 1974 tí Harold Wilson, olórí ìjọba wọn, fi sọ fún ilé aṣòfin pé ti Amẹ́ríkà ni ìjọba òun yóò máa lò. Lónìí, ti Amẹ́ríkà ni kí o mú láìwẹ̀yìn. Àmọ́ bí ìwé tí o ń túmọ̀ bá ti jáde ní London ṣáájú ìgbà náà, ka òdo rẹ̀ kí o tó fi ọwọ́ sí iye kan.

Homely lè da ilé rú. Lẹ́nu ará Ìlú Ọba, ibi tó tuni lára bí ilé ẹni ni. Lẹ́nu wa, obìnrin tó mọ ilé tọ́jú ni, ìyìn sì ni. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ojú rẹ̀ kò fa ènìyàn mọ́ra ni. Ìyá tó bá kọ̀wé sí àwọn àna tí wọ́n bí sí Atlanta pé ọmọ òun jẹ́ homely girl ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ náà kò lẹ́wà. Kó kúkú ṣàlàyé ìwà ọmọ náà ní gbólóhùn kan tàbí méjì.

Ní ti pants, ṣòkòtò ni lójú ará Amẹ́ríkà, pátá ni lójú ará Ìlú Ọba àti lójú tiwa. Trousers yé gbogbo wọn, nítorí náà òun ni mo máa mú níbikíbi. Eraser náà ni mo máa mú dípò rubber, torí pé kọ́ńdọ̀ọ̀mù ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní rubber, kò sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ dìde láàrin kíláàsì kó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Pavement jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ní Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà, ojú títì tí ọkọ̀ ń gbà gan-an ni, sidewalk sì ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Bí o bá ń kọ ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Momentarily kò léwu, ẹ̀rín ló ń pa ènìyàn: bí awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà bá sọ pé ọkọ̀ yóò balẹ̀ momentarily, ó ní kò ní pẹ́ balẹ̀, ará Ìlú Ọba tó bá takú mọ́ ìlò àtijọ́ yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá ọkọ̀ náà yóò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ṣẹ́ẹ́ kó tún gbéra.

Fọ́ọ̀mù yunifásítì àti ìwé ìwáṣẹ́

Campus, tí gbogbo wa ń pè láti Ifẹ̀ dé Èkó, Princeton ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó fún ọgbà ilé ẹ̀kọ́, lọ́dún 1774. Kò fa ìjà. Àwọn tó kù ló gba àkíyèsí. Professor ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba jẹ́ ẹni tó ti dé òkè pátápátá nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè pe olùkọ́ yunifásítì èyíkéyìí bẹ́ẹ̀. Bí o bá kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, pè é ní Professor. Bí o bá kọ̀wé sí ọ̀dọ̀ wa, wádìí oyè rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé òun ló fi ara òun jẹ ẹ́. Faculty lọ́dọ̀ wa ni ẹ̀ka ńlá bíi ti òfin tàbí ti ìmọ̀ ìṣègùn. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn olùkọ́ fúnra wọn ni. Thesis ni ìwé ìwádìí PhD ní Ìlú Ọba, dissertation sì ni ti Máàsítà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dojú rẹ̀ kodò. Public school ní Amẹ́ríkà ni ilé ìwé ìjọba, bíi tiwa. Ní England, ó lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àdáni tí owó rẹ̀ ń pa èèyàn lẹ́kún. Níhìn-ín, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé kí a mú èyí tó wù wá: ìlò ilẹ̀ tí fọ́ọ̀mù ti wá ni kí a fi kún un. Last name ni wọ́n ń pe surname, orúkọ ìdílé sì ni méjèèjì, ibikíbi tí a ìbáà kọ ọ́ sí.

Ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba ń béèrè CV. Ní Amẹ́ríkà, résumé ni wọ́n ń fẹ́, ojú ìwé kan tàbí méjì. CV lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ti olùkọ́ yunifásítì àti olùṣèwádìí, ó sì lè gùn bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá fi ojú ìwé mẹ́jọ ránṣẹ́ sí báńkì ní New York kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n béèrè. Quite ni mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń kọ lẹ́tà ẹ̀rí: quite good jẹ́ ìyìn gidi lójú ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n lójú ará Ìlú Ọba, ó lè jẹ́ ìyìn tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Àkọtọ́

Noah Webster, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ló fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ Amẹ́ríkà múlẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ńlá jáde lọ́dún 1828 pẹ̀lú nǹkan bí 70,000 ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ kí orílẹ̀-èdè tuntun náà ní àkọtọ́ tirẹ̀. Àwọn ènìyàn gba color, center, defense àti plow lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gba tung tó fẹ́ fi rọ́pò tongue. Àbá mi rọrùn: kí o tó tẹ ọ̀rọ̀ kan, yí èdè kọ̀ǹpútà sí ti ilẹ̀ tí ìwé rẹ ń lọ, nítorí pé ìlà pupa yẹn kò mọ̀ ju ilẹ̀ tí wọ́n tò ó sí lọ. Orúkọ àdáni kì í yí padà: Pearl Harbor ni títí láé, àní nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London, Nigeria Labour Congress kò sì lè sọ u rẹ̀ nù ní Washington. Program tí kọ̀ǹpútà ń lò kò ní me nídìí níbikíbi, ṣùgbọ́n programme ni ti ayẹyẹ ní Ìlú Ọba. Àwọn tó sì ń sọ pé -ize, bíi nínú organize, jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan kò tíì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford wò.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọ̀rọ̀ eré ìdárayá

Nígbà tí òfin ọdún 1979 gbé Nàìjíríà kúrò lórí ètò ìṣèjọba Ìlú Ọba bọ́ sórí ti Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá a wọlé. Gubernatorial àti running mate kò ní ìdí tí ará Ìlú Ọba fi máa ń wá wọn kiri, torí pé kò ní gómìnà tí wọ́n ń dìbò fún lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwa ní i, nítorí náà kí a lò wọ́n láìbẹ̀rù. Gerrymander náà wúlò: lọ́dún 1812, Elbridge Gerry, gómìnà Massachusetts, fọwọ́ sí òfin tó pín àgbègbè ìdìbò kan ní wọ́gọwọ̀gọ fún àǹfààní ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn alátakò sì ní àwòrán àgbègbè náà jọ ẹranko tí wọ́n ń pè ní salamander, ni wọ́n bá so orúkọ méjèèjì pọ̀. Kí àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn sì ṣọ́ra fún Secretary of State: ẹni tó bá pè é ní akọ̀wé lásán ti sọ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà di ẹni tó ń tẹ̀wé fún ọ̀gá.

Ohun tí mo máa ń yọ kúrò nínú ìwé ni àwọn gbólóhùn tó ti inú eré jáde. Láti inú baseball ni ballpark figure, touch base àti rain check ti wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún òǹwòran kó lè padà wá lọ́jọ́ mìíràn bí òjò bá da eré rú. Láti inú poker, eré káàdì, ni pass the buck, ìyẹn kí ẹnì kan ti ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn, ti wá, tí Ààrẹ Harry Truman fi gbé àkọlé The buck stops here sórí tábìlì rẹ̀. Àwọn ará Ìlú Ọba ní tiwọn láti inú cricket. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa kò gbá ọ̀kankan nínú wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni rough estimate kò ná wa ní kọ́bọ̀ ju ballpark figure lọ. Own goal nìkan ni mo máa ń fi sílẹ̀, torí pé bọ́ọ̀lù ni.

Bí ìwé ìpè ìgbéyàwó kan náà bá ń lọ sí London àti Houston, trousers, eraser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò ní dí i lọ́wọ́. First floor ni yóò dí i. Ní London, èyí tí a fi àtẹ̀gùn gùn lẹ́ẹ̀kan ni. Ní Houston, ìsàlẹ̀ ilé gan-an ni. Kí a kọ ground level, tàbí kí a kọ orúkọ gbọ̀ngàn náà. Ọjọ́ tún wà níbẹ̀: 6/7 jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Keje fún àwọn ti London, ọjọ́ keje oṣù Kẹfà fún àwọn ti Houston, àwọn ẹbí tó ti Houston wá yóò sì ti wọ aṣọ ẹbí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Kí a kọ orúkọ oṣù náà jáde ní kíkún.